Ta Ni Ó Ni Omi Odò Yìí?

Ẹ̀kọ́ fún ìjíròrò ìdílé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka Gẹ́nẹ́sísì orí 26, ẹsẹ 1 àti ẹsẹ 12 sí 22.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọba ń mu omi, ìwọ̀fà ń mu omi. Ẹni tí ó bá bínú sí omi ní òwúrọ̀ yóò tún wá a kàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí omi kò tilẹ̀ ní ọ̀tá, àwọn tí ń mu ún lè sọ ara wọn di ọ̀tá nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, nítorí pé kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Àwa tí a ń gbé ní Atlanta àti àyíká rẹ̀, odò kan ṣoṣo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa ń mu, ìpínlẹ̀ mẹ́ta sì ti fi ohun tí ó lé ní 30 ọdún fa odò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí a wà ní ilé, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ibi tí omi ti ń wá. A mọ odò, a mọ kànga, a mọ iye ìgbà tí a ó lọ tí a ó bọ̀ kí ìkòkò tó kún. Bí òjò bá ṣú, àwọn ìyá wa á ní kí a tètè gbé garawa àti agbada sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Níhìn-ín, a kàn ń yí ẹnu ẹ̀rọ ni. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò tilẹ̀ rò ó pé omi náà ní ibì kan tí ó ti ń bọ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ó sì rọrùn fún ẹni tí kò mọ orísun omi tí ó ń mu láti fi í ṣòfò.

ÌJÀ TI ÀFONÍFOJÌ GÉRÁRÌ

Ìyàn ni orí 26 ìwé Gẹ́nẹ́sísì fi bẹ̀rẹ̀. Ísáákì ń gbé ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti àwọn baba rẹ̀. Ó dáko, oko náà sì ṣe dáadáa. Agbo ẹran rẹ̀ ń pọ̀ sí i títí àwọn onílẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí jowú rẹ̀. Wọ́n ti dí àwọn kànga tí baba rẹ̀ gbẹ́, wọ́n sì ní kí ó kúrò láàárín àwọn. Ó kó lọ sí àfonífojì. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ kànga tí wọ́n kan omi, àwọn darandaran ibẹ̀ ní tàwọn ni. Ó gbẹ́ òmíràn, ìjà tún dé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìjà tó parí, ó sì sọ kànga náà ní Rèhóbótì, orúkọ tí ń sọ̀rọ̀ nípa àyè tí ó gba gbogbo ènìyàn.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkínní ni ọ̀dá, nítorí pé ìyàn wà ní ilẹ̀ náà. Èkejì ni ìbísí: àjèjì kan dé, ó ń pọ̀, ẹran rẹ̀ ń pọ̀, omi tí ó sì wà fún àwọn díẹ̀ di omi tí ọ̀pọ̀ ń nawọ́ sí. Bí ọ̀dá bá wá nígbà tí àwọn ènìyàn kò pọ̀, wọ́n lè fara dà á. Bí ènìyàn bá ń pọ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò kíyè sí i. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé ni ìjà ń dé. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí odò Chattahoochee gan-an nìyẹn. Kí a má sì gbàgbé pé àwa náà, tí a ti òkè òkun wá síhìn-ín, wà lára ìbísí tí à ń wí yìí.

IBI TÍ OMI WA TI Ń WÁ

Orí àwọn òkè Blue Ridge ní àríwá Georgia ni odò Chattahoochee ti sun, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 430 máìlì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Atlanta kọjá, ó yà sí gúúsù, ó sì di ààlà láàárín Georgia àti Alabama. Ní ibi tí Georgia ti bá Florida pààlà, òun àti odò Flint pàdé, wọ́n di odò kan ṣoṣo tí à ń pè ní Apalachicola, èyí sì ń gba inú Florida lọ títí ó fi wọ inú òkun.

Ìlú Atlanta sún mọ́ orísun odò náà, nítorí náà odò náà kò tíì di ńlá nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àpáta líle sì ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, tí kànga gbígbẹ́ kò fi lè bọ́ ìlú tí ó tóbi tó èyí. Ohun tí ó kù ni kí a gba omi òjò pamọ́. Iṣẹ́ yìí ni adágún Lake Lanier ń ṣe, èyí tí ó wà lẹ́yìn dáàmù Buford ní àríwá ìlà-oòrùn ìlú. Àwọn ẹnjiníà ológun ìjọba àpapọ̀, tí à ń pè ní Army Corps of Engineers, ni ó kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1950, àwọn náà ni ó sì ń ṣe àkóso rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Kí wọ́n tó kọ́ dáàmù náà, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Atlanta bóyá yóò dá nínú owó rẹ̀. Ní ọdún 1948, William Hartsfield tí ó jẹ́ olórí ìlú náà kọ̀ láti dá a. Ó ní Atlanta kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ gbígbẹ, omi tí ó wà nílẹ̀ tó àwọn. Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn aṣòfin dìídì là sílẹ̀ fún dáàmù náà ni láti dá omíyalé dúró, láti pèsè iná mànàmáná, àti láti jẹ́ kí ọkọ̀ lè máa rìn lórí odò ní ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi mímu kò fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Atlanta kò da omi síwájú nígbà náà, ilẹ̀ sì gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1990, àwọn tí ń gbé ní Atlanta àti àwọn káúńtì tí ó yí i ká jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 6. Odò náà kò fi ìwọ̀n ìka kan tóbi sí i.

ỌDÚN TÍ ADÁGÚN FÀ

Àwọn tí ó ti pẹ́ níhìn-ín nínú wa kò lè gbàgbé ọdún 2007. Òjò kọ̀, oòrùn mú. Ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba Georgia fòfin de fífi omi ẹ̀rọ bu koríko ní gbogbo apá àríwá ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kẹwàá, Gómìnà Sonny Perdue kéde pé nǹkan ti di pàjáwìrì ní káúńtì 85. Ní ìparí oṣù kejìlá, omi Lake Lanier ti fi nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà lọ sílẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Kùkùté igi tí omi ti bò láti àádọ́ta ọdún yọ síta. Ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ sínú omi wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Orme ní Tennessee, ìsun omi tí wọ́n ń mu gbẹ pátápátá, ọkọ̀ agbómi ni wọ́n fi ń gbé omi wá fún wọn láti ìlú mìíràn.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún náà, Gómìnà Perdue pe àwọn ènìyàn jọ sí iwájú ilé ìjọba ní Atlanta láti gbàdúrà fún òjò. Àwọn kan bá a gbàdúrà, àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Òjò díẹ̀ rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kò tó láti lé ọ̀dá náà lọ. Ọdún 2009 ni òjò tó padà dé ní kíkún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó pọ̀ débi pé ìkún omi pa ènìyàn ní àyíká Atlanta. Ní oṣù kẹwàá, adágún tún kún. Láti ìgbà náà, ọ̀dá ti tún wá ní ọdún 2012 àti ọdún 2016. Kì í ṣe àlejò tí ó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò tún padà mọ́.

ÀWỌN WO NI Ń DU OMI NÁÀ?

Bí a bá wo kìkì ẹnu ẹ̀rọ tiwa, a lè rò pé àwa nìkan ni a ni odò yìí. Ẹ jẹ́ kí a bá omi náà rìn lọ sísàlẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Georgia. Ẹ̀pà, òwú àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, omi odò Flint àti omi kànga abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń fi bu oko wọn nígbà tí òjò bá dákẹ́. Ìgbà tí ọ̀dá bá mú gan-an ni oko ń béèrè omi jù lọ. Ẹ̀pà tí a ń rà ní ọjà, ó ṣeé ṣe kí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Àwọn ará Alabama wà ní ìhà kejì odò. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Farley, tí ń lo agbára átọ́míìkì, ń fa omi Chattahoochee láti fi tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára. Àwọn ìlú etí odò náà ń mu ún. Alabama ni ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́, ní ọdún 1990, nígbà tí ó rí i pé àwọn ẹnjiníà ológun fẹ́ fún Atlanta ní omi púpọ̀ sí i láti inú adágún.

Ìkarahun odò àti ẹja ńlá kan tí ń jẹ́ sturgeon tún wà ní ìsàlẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ sì dáàbò bò wọ́n kí ìran wọn má baà parun. Nítorí wọn, wọ́n ti fi ìwọ̀n sí omi tí ó gbọ́dọ̀ wọ Florida: nǹkan bí lítà 140,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn ẹnjiníà ológun ń gbìyànjú láti máa tú sílẹ̀, àní nígbà ọ̀dá.

Ní ìparí odò ni àwọn apẹja ìlú Apalachicola wà. Ibi tí omi odò ti ń dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀ ni oyster ti ń dàgbà, ẹran omi inú ìkarahun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun láti ìran dé ìran. Nígbà kan, nínú oyster mẹ́wàá tí wọ́n bá kó ní Florida, mẹ́sàn-án ń ti ibẹ̀ wá. Bí omi odò kò bá tó, omi iyọ̀ á wọlé ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ohun tí ń jẹ oyster á sì bá a wọlé. Ní ọdún 2012, oyster náà run. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba Florida ti gbogbo ibẹ̀ pa fún àkókò tí ó lè tó ọdún márùn-ún, kí oyster lè tún rí àyè bí sí i. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin tí ó ti fi gbogbo ayé wọn wa ọkọ̀ ojú omi di ẹni tí ń wá iṣẹ́ mìíràn.

NÍ ILÉ ẸJỌ́

Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta náà gbìyànjú láti bá ara wọn sọ ọ́. Ní ọdún 1997 wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò wá ọ̀nà pín omi náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2003 fi dé, wọn kò rí i pín, àdéhùn náà sì kú. Ní ọdún 2009, adájọ́ Paul Magnuson sọ pé a kò fún dáàmù Buford ní àṣẹ láti máa pèsè omi mímu tó bẹ́ẹ̀ fún Atlanta. Ó fún wọn ní ọdún mẹ́ta láti lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ìjọba àpapọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n padà sí ìwọ̀n omi tí wọ́n ń lò ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà.

Florida wá gbé Georgia lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ilẹ̀ yìí lórí ọ̀rọ̀ oyster. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, gbogbo àwọn adájọ́ náà fi ohùn kan sọ pé Florida kò fi ẹ̀rí tí ó tó hàn pé omi tí Georgia ń lò ni ó run oyster náà. Ọ̀dá wà níbẹ̀, kíkó tí àwọn apẹja ń kó o jù náà sì wà níbẹ̀. Georgia jàre. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ náà kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó rán Georgia létí pé ojúṣe rẹ̀ ni láti lo omi náà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí pé ó ń di ohun tí kò tó mọ́. Ní ọdún 2023, Georgia àti Alabama náà kéde àdéhùn lórí ìwọ̀n omi tí yóò máa ṣàn dé ìsàlẹ̀ odò.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ènìyàn lè jàre ní kóòtù, kí aládùúgbò rẹ̀ sì wà nínú ìyà síbẹ̀. Òfin lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi wa ni oyster fi kú. Kò sọ pé kí a má ṣe bìkítà fún ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ísáákì lè jà fún kànga àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Ó yàn láti tún òmíràn gbẹ́.

ÀDÚRÀ ÀTI OJÚṢE

Àwọn kan ń béèrè pé, bí Ọlọ́run bá lè rọ òjò, kí ni a tún ń sé ẹ̀rọ omi fún? Ísáákì fúnra rẹ̀ dáhùn. Ẹni tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìbùkún fún ni, síbẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé ọkọ́ wọ inú ilẹ̀. Àdúrà kò ní kí ọkọ́ má ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa, kí àwa ṣe é.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń so èso. Ní ọdún 2001, ìjọba Georgia dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti ṣètò omi fún Atlanta àti àwọn káúńtì àyíká rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí owó omi máa ga bí ẹni bá ṣe ń lò ó sí i, wọ́n ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti pààrọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, wọ́n sì wá àwọn páìpù tí ń jò abẹ́ ilẹ̀ kàn. Láti ọdún 2000, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kún wa, síbẹ̀ àròpọ̀ omi tí à ń fà ti dín kù. Èyí fi hàn pé ìbísí àti ìjà kò níláti jọ rìn. Rèhóbótì lè wà ní ilẹ̀ yìí pẹ̀lú.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìyàgbẹ́. Òun ni ó ń lo omi jù lọ nínú ilé. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe kí ọdún 1994 tó dé lè lo gálọ́ọ̀nù 3 àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan ṣoṣo tí a bá fi omi ṣàn án. Èyí tí òfin gbà láti ìgbà náà kò gbọ́dọ̀ ju gálọ́ọ̀nù 1.6 lọ. Bí ó bá ń jò, ó lè fi gálọ́ọ̀nù 200 ṣòfò ní ọjọ́ kan, èyí tí ó tó nǹkan bí garawa 40. Ta ni nínú wa tí yóò ru garawa 40 láti odò wá kí ó sì dà á sílẹ̀? Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ da aró oúnjẹ díẹ̀ sínú táǹkì rẹ̀, kí ẹ má ṣe ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15. Bí àwọ̀ náà bá hàn nínú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó ń jò. Rọ́bà kékeré tí kì í wọ́n ni ó sábà máa ń fa á.

Ẹ yẹ ẹnu ẹ̀rọ wò. Èyí tí ń kán tó! tó! tó! lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò ti da ohun tí ó lé ní gálọ́ọ̀nù 3,000 nù kí ọdún tó yí po. Ẹ pa gbogbo omi inú ilé, kí ẹ wo mítà, kí ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ó bá ti sún, omi ń lọ níbì kan. Ẹ̀yin tí owó omi yín wà nínú owó ilé, tí ẹ kì í rí bíìlì, ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ fún onílé nígbà tí nǹkan bá ń jò.

Ní ti ìta ilé, òfin Georgia láti ọdún 2010 ni pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni kí a máa bu omi sí koríko àti òdòdó, kí oòrùn má baà fà á lọ. Òfin náà yọ ọgbà oúnjẹ ìdílé sílẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin ìyá tí ń gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata lẹ́yìn ilé má ṣe fòyà. Ṣùgbọ́n bí a bá lè gbé dùrọ́ọ̀mù sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, omi òjò yóò bọ́ ọgbà náà, ẹ̀rọ yóò sinmi. Ohun tí a ti mọ̀ láti ilé ni a kàn ń rántí.

Ní ìparí, kí òbí mú àwọn ọmọ lọ wo Lake Lanier tàbí etí odò Chattahoochee ní ọjọ́ Sátidé kan. Ẹ fi ọwọ́ wọn kan omi náà. Ẹ sọ fún wọn pé èyí ni wọ́n mu ní òwúrọ̀, àti pé àwọn ọmọ mìíràn wà ní Alabama àti ní Florida tí wọ́n ń dúró dè é ní ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí, a kò ní máa pariwo mọ́ ọn kí ó tó pa ẹ̀rọ.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ohun méjì wo ni ó pàdé tí ó fa ìjà ní Gérárì? Báwo ni wọ́n ṣe pàdé ní Atlanta?
2. Kí ni a rí kọ́ nínú ohun tí olórí ìlú Atlanta sọ ní ọdún 1948? Kí ni ìdílé wa ń fi sẹ́yìn lónìí tí a lè nílò lọ́la?
3. Nínú àgbẹ̀, ilé iṣẹ́ iná, apẹja àti ìlú ńlá, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dín omi kù nígbà ọ̀dá? Kí olúkúlùkù sọ ìdí rẹ̀.
4. Ṣé ẹni tí ó jàre ní kóòtù ṣì ní ojúṣe sí aládùúgbò rẹ̀?
5. Kí ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé sọ ibì kan tí omi ti ń ṣòfò, kí gbogbo ilé sì tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí.